Àwọn Arìnrìnàjò Abẹ́ Ọ̀dà

Àìkú, 1 Oṣù Kẹsàn-án 2024

Òjò rọ̀ nígbà ìsìn. Omi kán sí mi lọ́rùn, mo sún díẹ̀, ó tún kán sí mi lórí. Mo gbójú sókè. Ìdí ìṣó ni omi ti ń wá — kì í ṣe ìdí ìṣó kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyí tí mo ti dé Ìrókò. Ilé Màmá Ẹkúndayọ̀ ni mò ń gbé, nítorí pé òun àti màmá mi jọ ṣe ìjọ kan náà nígbà kan rí. Yàrá tó kọjú sí oko ẹ̀gẹ́ ló fún mi, kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Àárọ̀ ni mò ń wọ ọkọ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí mo ti ń kọ́ ìmọ̀ irin, ìrọ̀lẹ́ ni mò ń dé. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí mo bá la ẹnu, ohùn Ìlàjẹ a yọ jáde, àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ akọrin a sì máa wo ara wọn. Wọn kì í rẹ́rìn-ín tán. Wọ́n á fọwọ́ bo ẹnu. Ìyẹn gan-an ló burú jù.

Lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Olúwadọ̀tun, alága ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́, ní kí gbogbo ìjọ wo òrùlé. Ọdún méjì péré, ọ̀dà búlúù ti ń wú bí awọ ẹni tí iná jó. Wọ́n ní Bàṣírù ló ṣe wá báyìí. Ó ta páànù gidi, ó fi ayédèrú bo ilé Ọlọ́run. Ẹnìkan ní ṣé ẹ ò rí páànù tiwa lórí ilé adìyẹ ìyàwó rẹ̀ ni. Gbogbo ilé kùn. Bàṣírù yìí kì í ṣe ọmọ ìjọ. Mùsùlùmí ni, kápẹ́ńtà tó ń kan òrùlé káàkiri agbègbè yìí.

Màmá Ẹkúndayọ̀ ń fi ìṣẹ́tí aṣọ funfun rẹ̀ nu omi orí àga.

Èmi tẹjú mọ́ ìdí ìṣó kan títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Àwọn ìlà funfun tín-ín-rín ń ti ibẹ̀ jáde, wọ́n ń rìn kiri lábẹ́ ọ̀dà. Bí ọ̀nà ikán.

Ajé, 2

Mo lá àlá pé orí òrùlé ni mo sùn sí. Búlúù. Ó rọ̀ bí omi tó dákẹ́.

Ọjọ́rú, 4

Ọ̀gá Hezekiah, tó ń ṣọ́ àwọn ẹ̀rọ láàbù wa, bi mí níwájú gbogbo kíláàsì pé iṣẹ́ àṣekágbá mi dà. Àwọn yòókù ti gba irin, wọ́n ti gba páìpù láti iléeṣẹ́ àwọn ẹ̀gbọ́n wọn. Èmi ò ní ẹ̀gbọ́n níbí. Mo ní mò ń wá a. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ohùn rẹ kéré ju ohun tí à ń fi maikirosíkóòpù wò lọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Mo délé, mo béèrè lọ́wọ́ Màmá bóyá mo lè rí èérún kan nínú páànù ṣọ́ọ̀ṣì. Atẹ́gùn ti já igun kan bọ́ nínú oṣù Keje, òun ni wọ́n fi ń bo igi ìdáná lẹ́yìn ilé. Ó ní kí n mú un.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe, ọmọ omi?"

Ọmọ omi ni orúkọ tó sọ mí, nítorí etí òkun tí mo ti wá. Mo ní mo fẹ́ wò ó ni.

"Wíwò ò ní kó má jò," ó wí, ó sì padà sí ìdí ààrò.

Ẹtì, 6

Ojú-Kan — bẹ́ẹ̀ ni mò ń pe maikirosíkóòpù náà, nítorí pé ọ̀kan nínú ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́. Mo gé páànù náà ní ìwọ̀n èékánná, níbi ìdí ìṣó, mo gbé e sábẹ́ rẹ̀.

Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kọ ọ́. Ọ̀dà ò jọ ọ̀dà mọ́. Ó dà bí ilẹ̀ lẹ́yìn òjò, tòun ti òkè àti àfonífojì, ìmọ́lẹ̀ sì ń ti ẹ̀gbẹ́ wọlé bí oòrùn ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọ̀nà ń ti etí ihò ìṣó jáde. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà. Wọ́n ń ṣe kọ́rọkọ̀rọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orí, ó ní ìrù. Mo sọ wọ́n lórúkọ: Àwọn Arìnrìnàjò.

Ìwé tí Ọ̀gá Hezekiah yá mi ṣàlàyé wọn. Álúmíníọ̀mù ní awọ kan, tó fẹ́lẹ́ débi pé ojú ò lè rí i, tí òun fúnra rẹ̀ máa ń hun bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án lára. Awọ yẹn ló ń gbà á lọ́wọ́ ìpẹtà. Orí rẹ̀ ni iléeṣẹ́ kun ọ̀dà lé. Àmọ́ páànù kì í ṣe álúmíníọ̀mù nìkan. Wọ́n po irin díẹ̀ àti bàbà bíńtín mọ́ ọn kó lè le. Àwọn èérún wọ̀nyẹn wà nínú rẹ̀ bí àlejò. Bí awọ bá ya, tí omi burúkú bá wọ ibẹ̀, àlejò kì í jẹrà. Onílé ni. Álúmíníọ̀mù tó yí èérún náà ká ló ń yọ́, díẹ̀díẹ̀, títí àlejò á fi dá jókòó sáàárín kòtò.

Mo rí ọ̀kan. Dúdú, kòtò yí i po. Mo wò ó pẹ́. Àlejò lèmi náà.

Orí arìnrìnàjò ní omi kíkan nínú. Ó ń jẹ ilẹ̀ iwájú rẹ̀, ó ń gbé ọ̀dà sókè bí àgọ́, ó ń lọ. Ìrù rẹ̀ ti gbẹ, ó di lẹ́búlẹ́bú funfun, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà lọ bá orí. Bó bá kan ọ̀nà tí ẹlòmíì ti gbà, kì í gba orí rẹ̀ kọjá. Á yà. Mo tọ méjì nínú wọn: wọ́n ń sún mọ́ra, wọ́n ń sún mọ́ra, wọ́n yà. Wọn ò pàdé.

Ilẹ̀ ti ń ṣú kí n tó mọ̀ pé ebi ń pa mí.

Àbámẹ́ta, 7

Mo lọ sí ilé Bàṣírù. Mo kọjá níwájú ìta rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ìgbà kẹta nìyí," ó wí láti abẹ́ àtíbàbà. "Ṣé o sọ nǹkan nù ni?"

Mo kúnlẹ̀ kí i. Ẹni bí àádọ́ta ọdún, ọwọ́ rẹ̀ gbòòrò. Òòlù rẹ̀ wà nínú àpò, ó sì ti di ẹnu àpò náà. Ó ní Lìádì, tó jẹ́ olórí àwọn tó ń kọ́ mọ́sálásí tuntun, ti ní kí òun dúró ná kí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tó yanjú. "Dúró ná," ó tún un sọ, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ẹni tí wọ́n bá ti ní kó dúró ná, wọ́n ti ní kó máa lọ nìyẹn."

Ìyàwó rẹ̀, Mùsílímátù, tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Fàdìlàt, bínú ju òun lọ. Ó ní ilé adìyẹ òun ni wọ́n wá sọ di ààfin. Páànù méjì péré. Wòlíì wọn tó ti kú ló fi ta ọkọ òun lọ́rẹ, nígbà tó bá wọn ṣe gọ́tà láìgba nǹkan kan. "Ẹni tó lè jẹ́rìí ti sùn. Ṣé kí n lọ jí i ni?"

Mo ní ṣé mo lè rí ilé adìyẹ náà. Ìyá Fàdìlàt wò mí bí ẹni pé ẹyin ni mo fẹ́ jí.

Òrùlé náà búlúù. Imí adìyẹ wà lórí rẹ̀, ewé máńgòrò gbígbẹ náà wà níbẹ̀, oòrùn ọdún méjì ti pa á. Mo fi ọwọ́ nù ún. Ó jọ̀lọ̀. Kò wú níbì kankan, ìdí ìṣó pàápàá dán.

Bàṣírù bá mi gé igun kan. "Gbà. Bó bá jẹ́ ayédèrú, wá sọ fún mi, kí èmi náà mọ ẹni tó rẹ́ mi jẹ."

Mo délé, mo yí páànù méjèèjì síkùn. Iléeṣẹ́ ti tẹ nọ́ńbà dúdú sí ẹ̀yìn wọn. Nọ́ńbà kan náà. Kò sí ayédèrú nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Àìkú, 8

Ìgbìmọ̀ ti pinnu. Ní Àìkú 29 oṣù yìí, Bàṣírù yóò wá síwájú ìjọ, yóò sọ ibi tó ta páànù sí. Bí kò bá sọ, wọn yóò kọ̀wé sí gbogbo ìjọ àti mọ́sálásí tó wà ní agbègbè yìí pé kí ẹnikẹ́ni má gbé iṣẹ́ òrùlé fún un mọ́.

Páànù méjèèjì wà nínú àpò mi bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Mo lè dìde. Mi ò dìde.

Mo tún rò ó lójú ọ̀nà. Bí mo bá fi nọ́ńbà hàn wọ́n, wọ́n á ní bó bá jẹ́ páànù kan náà, a jẹ́ pé ọwọ́ Bàṣírù ni ò dáa. Kí ló dé tí ọ̀kan ń jẹrà tí ọ̀kan ń dán? Ìyẹn ni mo gbọ́dọ̀ mọ̀. Ọjọ́ mọ́kànlélógún.

Ọjọ́rú, 11

Páànù ilé adìyẹ lábẹ́ Ojú-Kan. Kò sí arìnrìnàjò kankan. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ búlúù lásán, ó lọ títí, bí ọ̀sà ní àárọ̀ nígbà tí àwọn ọkọ̀ ò tíì jáde. Ojú ilé yun mí.

Ẹtì, 13

Mo fi omi mímọ́ fọ ìdí ìṣó páànù ṣọ́ọ̀ṣì sínú ìgò kékeré. Ọ̀gá Hezekiah fún mi ní omi kan tó ní fàdákà nínú. Ó ní bí mo bá kán an sí i, tí iyọ̀ bá wà níbẹ̀, yóò sọ.

Mo kán an. Ó funfun bí omi ogì.

Mo ṣe ti ilé adìyẹ. Ó mọ́ gaara.

Ọ̀gá Hezekiah bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. "Iyọ̀ ní Ìrókò? Ṣé ìwọ lo gbé òkun wá ni?"

Mo mọ̀ pé àwàdà ni. Síbẹ̀ ó wọ̀ mí lára.

Àìkú, 15

Bóyá èmi ni. Mo rò ó títí nígbà ìsìn, lábẹ́ àwọn omi tó ń kán. Pé òkun tẹ̀lé mi wá nínú irun mi, nínú aṣọ tí màmá mi dì sápò, nínú ẹja gbígbẹ tí bàbá mi fi iyọ̀ pa. Pé bí mo ṣe jókòó síbí, ó ń ti ara mi gòkè, ó ń wá ìṣó.

Àmọ́ oṣù Kẹjọ ni mo dé. Òrùlé ti ń jò kí n tó dé. Ó dùn mọ́ mi, ó sì dùn mí díẹ̀, pé kì í ṣe èmi.

Ìṣẹ́gun, 17

Mo ti mọ̀.

Màmá ń se àgbàdo tútù. Ó bu iyọ̀ sí i, ó tún bu sí i. Mo ní Màmá, iyọ̀ yìí ò pọ̀ jù? Ó ní a kì í ṣe ahun iyọ̀ sí ohun tí a bá fẹ́ kó dùn, kó sì pẹ́. Ó wá ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kódà páànù ṣọ́ọ̀ṣì, iyọ̀ la fi wẹ̀ ẹ́."

Mo jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò.

Ó ń sọ ọ́ lọ bí ẹni ń sọ ìtàn ìgbéyàwó rẹ̀. Pé ọjọ́ mẹ́ta ni páànù fi wà lórí koríko kí Bàṣírù tó ráyè kàn án. Pé òun àti àwọn Màmá mẹ́rin po iyọ̀ sómi, garawa méje, wọ́n sì fi aṣọ wẹ̀ wọ́n níkọ̀ọ̀kan, tẹ̀yìn tojú, bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun, wọ́n ń ka Sáàmù. "Iyọ̀ kì í jẹ́ kí ẹran rà. Kí ló máa wá ṣe ilé Ọlọ́run?"

Mo béèrè bóyá Bàṣírù mọ̀. Ó ní ta ní sọ fún un, àdúrà ìkọ̀kọ̀ ni. Bó ṣe bá a ní tútù láàárọ̀, ó ní ìrì mà pọ̀ lónìí, àwọn sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Àfi méjì tí Wòlíì kó sínú ilé ló kù tí a ò wẹ̀," ó wí. "A gbàgbé wọn ni. Ó ń dùn mí títí dòní."

Ó fún mi ní àgbàdo méjì. Mo jẹ ẹ́. Iyọ̀ rẹ̀ tó. Ó dùn.

Ọjọ́rú, 18

Mi ò lọ sí láàbù.

Ọjọ́bọ̀, 19

Mo lọ. Bóyá irọ́ ni mo ń pa mọ́ iyọ̀. Ó yẹ kí n dán an wò kí n tó dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Mo gé èérún méjì lára páànù ilé adìyẹ. Mo fi abẹ́rẹ́ ha ọ̀dà ọ̀kọ̀ọ̀kan dé ara álúmíníọ̀mù, bí ìṣó ṣe ń ha á. Mo fi omi kànga wẹ ọ̀kan. Mo fi omi iyọ̀ wẹ èkejì. Ọ̀gá Hezekiah kán omi kíkan bíńtín sí ojú ibi méjèèjì tí mo ha, ó ní láti fi jí wọn ni, nítorí pé a ò ní ọdún méjì. A gbé wọn sínú abọ́ onídèrí lórí aṣọ tútù, níbi tó móoru.

Mo gbàdúrà pé kí nǹkan kan má ṣẹlẹ̀. Mi ò mọ ẹni tí mo gbà á fún.

Àìkú, 22

Màmá gbàdúrà fún mi lónìí níwájú ìjọ. Ó pe orúkọ mi délẹ̀: Ìtùnúolúwa. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, kò sẹ́ni tó pè é tán.

Ajé, 23

Mo pàdé Bàṣírù ní ibùdókọ̀. Ó ní òun ń lọ wo àbúrò òun, Ishaq, ní Olódò, bóyá òun á máa bá a ta símẹ́ńtì. Ó ń wo orí ilé àwọn èèyàn bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan. Ó tọ́ka sí mẹ́rin. "Tèmi nìyẹn. Tèmi. Ìyẹn náà. Èyí tó wọ́ yẹn kì í ṣe tèmi."

Ẹtì, 27

Wọ́n ti jáde.

Kékeré ni wọ́n, orí lásán, ìrù ò tíì gùn. Wọ́n tò sí etí ibi tí mo ha lórí ti omi iyọ̀ bí ọmọ tó ń yọjú lójú fèrèsé. Mọ́kànlá ni mo kà. Lórí èyí tí mo fi omi kànga wẹ̀, kò sí ọ̀kan.

Wọ́n rẹwà. Ó yẹ kí n kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Mo sọ fún Màmá ní ìrọ̀lẹ́. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Yorùbá tí wọ́n ń sọ níbí sá lẹ́nu mi, ohùn ilé ni mo fi sọ ọ́. Ó ní kí n tún un sọ, díẹ̀díẹ̀.

"Ṣé o ní àdúrà mi ló ba ilé Ọlọ́run jẹ́?"

Mo ní rárá, Mà. Iyọ̀ ni.

Ó ní iyọ̀ wo, iyọ̀ ọdún méjì, òjò mélòó ló ti wẹ̀ ẹ́ lọ. Mo ṣàlàyé. Pé èyí tó wà lójú páànù ti lọ lóòótọ́, àmọ́ ibi tí páànù ti gun ara wọn, àti abẹ́ rọ́bà ìdí ìṣó, òjò ń dé ibẹ̀ láti rin ín, kò lè fọ̀ ọ́. Pé irin ìṣó wà níbẹ̀, álúmíníọ̀mù wà níbẹ̀, omi iyọ̀ wá so wọ́n pọ̀, ìdí nìyẹn tí ihò náà fi ń gbòòrò. Pé díẹ̀ ló tó. Iyọ̀ kì í tán lórí arìnrìnàjò. Bó bá ti jẹ ibì kan tán, á tún bá a lọ síwájú.

"Kì í tán," ó wí.

Ó dìde. Ó wọlé. Ó ti ìlẹ̀kùn.

Oúnjẹ rẹ̀ wà lórí tábìlì, ó tutù. Mo ti kó ìdajì ẹrù mi sápò. N kò mọ ibi tí mò ń lọ.

Àbámẹ́ta, 28

Ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà kí n tó jí, ó wọ aṣọ ìjáde, ó gbé báàgì lọ́wọ́.

"Mú mi lọ wò ó."

Ó rí àpò mi lórí ibùsùn.

Ọ̀gá Hezekiah wá ṣílẹ̀kùn láàbù fún wa. Màmá bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ó ti máa ń bọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fẹ́ sọ fún un pé kò pọn dandan. Ọ̀gá Hezekiah wo bàtà náà lórí ilẹ̀, ó tẹríba, ó bọ́ tirẹ̀. Mo bọ́ tèmi.

Mo gbé páànù ṣọ́ọ̀ṣì sábẹ́ Ojú-Kan. Màmá fi ọwọ́ bo ojú kan, ó fi èkejì wò. Ó pẹ́. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Mo ń fi ọwọ́ yí i síwájú fún un díẹ̀díẹ̀, kó lè rí bí ọ̀nà náà ṣe lọ.

"Wọn ò forí gbárí," ó wí.

"Rárá, Mà. Bí wọ́n bá pàdé ọ̀nà ara wọn, wọ́n á yà."

"Wọ́n ń ba ilé jẹ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀." Ọ̀gá Hezekiah rẹ́rìn-ín, Màmá ò rẹ́rìn-ín.

Mo gbé ti ilé adìyẹ sí i. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ búlúù. Ó wo ìyẹn pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Méjì tí a gbàgbé ló yè," ó wí.

Nínú ọkọ̀, nígbà tí a kọjá Mọ́níyà, ó mú ọwọ́ mi, ó sì gbé e lé itan rẹ̀ títí a fi délé.

Àìkú, 29

Bàṣírù wá. Kò wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ tó fi ń lọ kí Jímọ̀, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo òkè. Ìyá Fàdìlàt wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ká ọwọ́ gbera bí ẹni tó wá jà.

Bàbá Olúwadọ̀tun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú ìwé rẹ̀ ni Màmá dìde. Ó ní kí wọ́n dá ìwé náà padà sínú àpò. Ó ní òun ló ba òrùlé jẹ́. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí: iyọ̀, garawa méje, koríko, aṣọ. Ó ní òun rò pé ohun tó ń pa ẹja mọ́ yóò pa ilé mọ́.

Omi ń kán sínú ike kan lẹ́yìn akọrin.

Bàbá Olúwadọ̀tun ní ta ló sọ fún Màmá pé iyọ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Màmá nawọ́ sí mi.

Mo dìde. N kò rántí gbogbo ohun tí mo sọ. Mo mọ̀ pé mo gbé páànù méjèèjì sókè, tó wú àti tó jọ̀lọ̀, mo ní kí wọ́n ka nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn wọn. Ó ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Bàbá Olúwadọ̀tun, ó wá ìgò ojú rẹ̀, ó ka nọ́ńbà àkọ́kọ́ sókè, ó ka èkejì, ó tún padà ka àkọ́kọ́.

"Ìkan náà ni," ó wí. Ó jókòó.

Ìyá arúgbó kan lẹ́yìn mi dìde, Màmá Láyí, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin. "Mẹ́rin nínú garawa yẹn, èmi ni mo pọn ọ́n," ó wí. "Ẹ má dá a fún Ẹkúndayọ̀ nìkan." Àwọn kan rẹ́rìn-ín sínú.

Màmá ti ń rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ó dé iwájú Bàṣírù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúnkún. Bàṣírù ti mú un ní apá méjèèjì kí orúnkún rẹ̀ tó kan ilẹ̀. Fìlà rẹ̀ bọ́ sínú ẹrọ̀fọ̀.

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Màmá. Ṣé ẹ ò fẹ́ kí n pẹ́ láyé ni?"

Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀. Ó gbé e dúró, òun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ṣubú. Ìyá Fàdìlàt ló bẹ̀rẹ̀, tó mú fìlà, tó gbọ̀n ọ́n, tó sì tú ọwọ́ rẹ̀ tó ká.

Ajé, 30

Mo tú ẹrù mi.

Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Kẹwàá

Páànù tuntun dé láná. Orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n tò wọ́n sí, kì í ṣe koríko. Bàṣírù ti ṣí ẹ̀gbẹ́ kan òrùlé láti àárọ̀. Lìádì ti ní kí iṣẹ́ mọ́sálásí bẹ̀rẹ̀ bí ti ibí bá parí.

Mo jókòó sábẹ́ igi, mò ń wo ọ̀run gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò rí i rí kí ilé máa wo ọ̀run báyẹn. Ìkùukùu ń kọjá lórí àga pẹpẹ.

Ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá, àwọn Màmá dé, aṣọ funfun, wọ́n ru garawa lórí, wọ́n ń kọrin bọ̀. Orin náà dùn. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ páànù, àwọn èèyàn ń dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí orin náà fi kù sẹ́nu àwọn arúgbó nìkan. Bàṣírù wà lórí àkàbà. Ó wo garawa. Ó wo Màmá. Mo rí i pé ó fẹ́ béèrè, mo sì rí i pé kò lè béèrè. Báwo ni yóò ṣe wí? Kò sẹ́ni tó lè bi àgbà bẹ́ẹ̀. Bàbá Olúwadọ̀tun ń wo bàtà ara rẹ̀.

Màmá rí gbogbo wa.

Ó gbé garawa tirẹ̀ kúrò lórí. Ó gbé e kọjá Bàbá Olúwadọ̀tun, ó gbé e kọjá ìsàlẹ̀ àkàbà, ó gbé e wá síwájú mi lábẹ́ igi.

"Ọmọ omi. Ìwọ lo mọ iyọ̀. Tọ́ ọ wò."

Mo ti ìka bọ̀ ọ́. Ó tutù. Mo fi kan ahọ́n. Mo dúró de òkun — ọkọ̀ bàbá mi, àwọ̀n tútù, ẹja lórí ẹní, gbogbo rẹ̀. Mo fún un láyè kó dé. Òkúta kànga ni mo tọ́ wò, àti ewé tó já sínú rẹ̀.

"Omi ni," mo wí. Ohùn ilé wa ló fi jáde, ó sì ròkè ju bí mo ṣe rò lọ. Gbogbo wọn gbọ́.

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ bo ẹnu.

Bàṣírù sọ̀kalẹ̀ wá di bẹ́ǹṣì mú fún wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ páànù, tẹ̀yìn tojú, wọ́n ń ka Sáàmù. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo mú aṣọ kan.